Sójà tó ti ogun Bìáfrà dé: báwo la ṣe máa gbé e sórí ìtàgé?

Ẹgbẹ́_Òṣèré_Adó kọ ọ́ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹgbẹ́ wa ní Adó-Èkìtì fẹ́ gbé eré kan jáde ní oṣù Kìíní ọdún tó ń bọ̀. Ìtàn rẹ̀ rèé ní ṣókí: sójà kan ti ojú ogun dé sílé bàbá rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Ìyàwó rẹ̀ ti bímọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sọ ọmọ náà ní Bídèmí. Wọ́n pa ewúrẹ́, wọ́n gúnyán, wọ́n lùlù, wọ́n jó. Àmọ́ ọkùnrin yìí kì í sùn lóru, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn ún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìyàwó rẹ̀ léṣe lọ́jọ́ tí ìyẹn fọwọ́ kàn án látẹ̀yìn.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ girama la máa lò. Sìmẹ́ǹtì ni ìtàgé rẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó sì jìn sẹ́yìn tó 14. Òṣèré mẹ́sàn-án la ní, títí kan ọmọdébìnrin ọlọ́dún méje tó máa ṣe Bídèmí. A fẹ́ fi ogun gan-an bẹ̀rẹ̀: ìbọn, èéfín, òkú nílẹ̀. Ẹ bá wa dá sí i. Aṣọ sójà ńkọ́? Ìró ìbọn ńkọ́? Kí la sì máa ṣe kí àwọn èèyàn má baà máa fi sójà yìí rẹ́rìn-ín?

Akọ̀wé_Eré_Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ kú ìmúra. Ẹ yọ ogun kúrò, gbogbo rẹ̀ pátá. Èèyàn mẹ́sàn-án kò lè di ọmọ ogun, ojú sì ti mọ́ fíìmù débi pé ìbọn onígi lórí ìtàgé kò ní ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Èyí tó tún burú jù ni pé bí òǹwòran bá ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ogun, kí ló kù tó fẹ́ mọ̀ lẹ́nu sójà yẹn? Ẹnì kan mọ nǹkan tí àwọn ará ilé ò mọ̀, kò sì rí ẹnu sọ ọ́: òun ni gbogbo eré yìí. Ẹ jẹ́ kí òǹwòran jókòó ti àwọn ará ilé, kí àwọn náà máa méfò.

Ìdúródè ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá ń gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ìyàwó ń to àga, ó ń tún un tò. Àbúrò ọkọ wà nídìí redíò, kò gbójú sókè. Kí sójà má wọlé títí di nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Kó tó wọlé, ẹ ti jẹ́ ká mọ̀ pé wọ́n gbọ́ nígbà kan pé ó ti kú, pé àbúrò ló ń mójú tó oko kòkó láti ìgbà yẹn, àti pé àwọn àgbà ilé ti fẹ́ ṣú ìyàwó náà fún àbúrò yìí kí ìròyìn tó dé pé ọkọ wà láàyè. Ọ̀rọ̀ opó yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú. Kò sẹ́ni tó hùwà ìkà nínú wọn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnì kejì dáadáa.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù nínú irú eré báyìí ni pé sójà á máa jìyà, àwọn yòókù á máa wò ó, wọ́n á máa sunkún. Ìyẹn kì í ṣe eré. Kí olúkúlùkù ní ohun tó ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ń wá ọmọ tó kúrò nílé, kò fẹ́ eléyìí tó padà wá. Ìyàwó fẹ́ ọkọ, ṣùgbọ́n òun ló ń gba owó kòkó láti àwọn ọdún yìí wá, kò sì fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ àpótí padà fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò fẹ́ kí wọ́n mọrírì òógùn ojú òun. Bídèmí kàn fẹ́ kí ọkùnrin àjèjì yìí kúrò lórí ibùsùn ìyá rẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ tó kọ ìran kankan, ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wá síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ẹ ò bá rí nǹkan kọ fún, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìran yẹn.

Ìran mẹ́fà tàbí méje ti tó. Kó má kọjá ìṣẹ́jú 80, ẹ má sì dá sinmi láàárín, torí bí àwọn èèyàn bá jáde lọ ra gúgúrú, ọkàn wọn ò ní padà síbi tó wà.

Ọmọ_Oníìrè:

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkìtì, kí lẹ tún ń wá kiri? Ìtàn jagunjagun tó dé tí ilé ò gbà á bó ṣe rò ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́. Ògún ti ogun dé sí Ìrè, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bá wọn níbi àjọ kan tó jẹ́ èèwọ̀ kéèyàn fọhùn níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kí i. Ó rí agbè ẹmu tí wọ́n tò sílẹ̀, ó gbé e, òfìfo ni. Ó rò pé wọ́n fojú di òun, ló bá fa idà yọ, ó ń bẹ́ àwọn èèyàn rẹ̀ lórí. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ tó rí ohun tó ṣe, ó wọlẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹlòmíì ní bó ṣe ń sọ tiẹ̀, àmọ́ egungun ìtàn náà kì í yí padà.

Ẹ má lọ wọ aṣọ pupa fún ẹnì kan kó máa jó yíká sójà bí òrìṣà o. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti sú ojú. Nǹkan mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ mú níbẹ̀: ìdákẹ́jẹ́, agbè òfìfo, ìkíni tí kò wá. Nígbà tí sójà bá yọ sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ṣíṣú opó ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́, gbogbo wọn bá dákẹ́ lójijì. Ó na ọwọ́ sí agbè ẹmu, ó gbé e sẹ́nu, kò sí nǹkan níbẹ̀, àbúrò àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mu ún tán lóru àná. Ìyá wá pariwo ayọ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀. Kò sí ará Èkìtì tó jókòó níbẹ̀ tí nǹkan ò ní sọ sí lọ́kàn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọdẹ kan sun ìjálá, kó sọ pé “Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀, kí sójà tó dé. Lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá tún un sọ lópin eré, ẹ ti ń kọ́ àwọn èèyàn lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn.

Olùṣírò_Ọdún:

Ẹ jẹ́ ká ṣírò o, torí nǹkan kan ò bára mu nínú ìtàn yín. Ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1967 ni ogun bẹ̀rẹ̀, ó parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970. Oṣù 30 ó lé díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bí ọkọ bá fi oyún sílẹ̀ lọ, ọmọ tó máa bá nílé kò lè ju ọdún méjì ààbọ̀ lọ. Ọmọdébìnrin ọlọ́dún méje yín kò bá a mu rárá, àwọn tó gbáyé nígbà yẹn sì máa wà láàárín òǹwòran.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Èyí tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó dé ní ọdún 1975. Ọ̀pọ̀ sójà ni kò kúrò nínú iṣẹ́ lọ́dún 1970. Iye àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti lọ sókè láti nǹkan bí 10,000 ṣáájú ogun dé nǹkan bí 250,000, ìjọba kò sì lè dá wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí tiyín dúró sí bárékè lọ́nà jíjìn, kó máa fi owó ránṣẹ́ nígbà tó bá wù ú, kó má wálé. Ìyẹn gan-an á tún béèrè ìbéèrè míì: kí ló dé tí kò wálé ní gbogbo ọdún yẹn?

Bí ẹ bá gbé e sí 1975, ẹ rántí pé náírà ni owó (ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1973 ló rọ́pò pọ́n-ùn), ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ń gbà (láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972), a ò sì tíì ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ká má ì tíì sọ ti Èkìtì. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn la wà, Ìbàdàn ni olú ìlú. Oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Oǹdó sílẹ̀, Èkìtì sì jáde lára rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ “ìjọba ìpínlẹ̀ Èkìtì” lórí ìtàgé, gbọ̀ngàn á hó.

Ìdí tó fi wọṣẹ́ sójà náà kò gbọdọ̀ fò. Ọmọ Adó ni Fájuyì, gómìnà ológun Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì pa á ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Bìáfrà gba agbègbè Mid-West kọjá, wọ́n dé Orè. Ẹ mọ̀ pé “ó le kú, ìjà Orè” ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn títí dòní. Ọ̀dọ́kùnrin tó bá wà ní Adó nígbà yẹn kò nílò kí ẹnikẹ́ni yí i lọ́kàn padà kó tó forúkọ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́_Òṣèré_Adó:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. A ti gbé e sí 1975. Ẹnì kan nínú wa ní ká kúkú sọ ọ́ di ogun Kírìjì tàbí ogun Bọ́mà (ti Ogun Àgbáyé Kejì), kí ọmọ lè dàgbà dáadáa. Kí lẹ rí sí i?

Olùṣírò_Ọdún:

Kírìjì gùn lóòótọ́, 1877 sí 1893, ọmọ á ti gbéyàwó kí bàbá tó dé. Ṣùgbọ́n aṣọ, ohun ìjà àti ọ̀rọ̀ ẹnu ìgbà yẹn kì í ṣe kékeré fún ẹgbẹ́ tó ní oṣù díẹ̀. Bọ́mà dára, ọdún 1945 sí 1946 ni wọ́n ń dé, àmọ́ ó ṣòro kéèyàn rí ẹni tó wà láàyè tó lè bá yín yẹ eré wò. Ti Bìáfrà ni kẹ́ ẹ dì mú.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó:

Ẹ jọ̀wọ́, ọkùnrin yìí kì í ṣe wèrè. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá. Bí òṣèré bá ti ń yí ojú, tó ń sọ̀rọ̀ sí afẹ́fẹ́, tó tú bọ́tìnnì aṣọ sílẹ̀, aláwàdà ni òǹwòran rí, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ dá ẹ̀rín yẹn dúró mọ́.

Ẹni tí ogun wọ̀ lọ́kàn máa ń ṣe nǹkan kéékèèké. Tó bá wọ yàrá, ó máa ń wá ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti máa kan ògiri tí ojú rẹ̀ á sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹlòmíì bá jókòó síbẹ̀, á dúró, á ní ó tẹ́ òun lọ́rùn láti dúró. Lóru, á dìde, á fọwọ́ kan ìdábùú ilẹ̀kùn, á padà, á tún dìde. Bí nǹkan bá dún lójijì, ara á ti gbéra kí ojú tó mọ̀: èjìká lọ sókè, ojú wá ọ̀nà àbájáde, lẹ́yìn náà ìtìjú dé. Ìtìjú yẹn ni òṣèré gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, torí òun ni kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá bi í nípa ogun, á ṣàwàdà, á jáde lọ tọ̀.

Ohun tí àwọn òṣèré kì í rántí ni pé ìfẹ́ gan-an máa ń kú lára. Wọ́n gbé Bídèmí lé e lẹ́sẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí àga, wọn ò dì mọ́ ọmọ. Kò tì í dànù, kò sì gbá a mọ́ra. Ẹ fi í bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ìyàwó máa wo ọwọ́ yẹn. Kò sí ariwo tó lè ṣe ohun tó máa ṣe.

Ewúrẹ́ tí ẹ ní wọ́n pa ti wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Nígbà tí wọ́n bá ń fi iná jó irun rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, òórùn yẹn lè gbé e padà sójú ogun ju ìró ìbọn lọ. Ẹ ò ní láti jó nǹkankan nínú gbọ̀ngàn. Kí ẹnì kan sáà ké láti ẹ̀yìn ìtàgé pé “ẹ jó irun orí rẹ̀ dáadáa,” kí sójà tó ń rẹ́rìn-ín dá oúnjẹ sílẹ̀, kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo imú. Ó tán.

Ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tó dé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lè dùn. Ògógóró á wọlé díẹ̀díẹ̀, torí ó ń bá a wá oorun; kò mọ̀ pé ọtí náà ló ń jí i ní ìdajì òru. Nígbà tí ìrántí bá gbé e lọ, kò rí iwin kankan, ojú ogun ló wà. Ẹni tó bá fẹ́ dá a padà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án látẹ̀yìn. Iwájú ni kó dúró, ní ìwọ̀n apá méjì sí i, kó pe orúkọ rẹ̀, kó sọ ibi tó wà fún un: “Ilé lo wà. Ìyá rẹ ló wà níbẹ̀ yẹn.” Ní ìran kẹta ìyàwó kò mọ èyí, ní ìran tó kẹ́yìn ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wò ó, eré ti rìn nìyẹn láìsí wáàsù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì dárúkọ àìsàn yìí bí dókítà òde òní ṣe ń pè é (PTSD). Ọdún 1980 ni orúkọ yẹn wọ ìwé àwọn dókítà Amẹ́ríkà, eré yín sì wà ní 1975. Àrò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta, ni wọ́n lè dárúkọ. Láti 1954 ni dókítà Lambo ti ń jẹ́ kí aláìsàn ibẹ̀ gbé nínú abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Kí àbúrò dárúkọ Àrò, kí ìyá dáhùn pé “ọmọ tèmi kì í ṣe wèrè.”

Ní ti ẹsẹ̀: kó so báńdéèjì mọ́ orúnkún ọ̀tún lábẹ́ ṣòkòtò kó má baà lè tẹ̀ ẹ́ tán, ìyẹn ni kò ní jẹ́ kó gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń tiro. Ọwọ́ òsì ló máa fi mú ọ̀pá o, òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló ń mú un sọ́wọ́ ẹsẹ̀ tó ń dùn gan-an, ẹni tó bá mọ̀ á sì rí i pé irọ́ ni.

Onílù_Ìjerò:

Ẹ má lo bángà tí àwọn ọmọdé ń yìn nígbà Kérésìmesì, nínú gbọ̀ngàn tí páànù bò, etí á di. Ẹ má sì lo ìró ìbọn inú fóònù, spíkà kékeré á sọ ọ́ di àgbàdo tó ń ta.

Odó ni kẹ́ ẹ lò. Ilé Èkìtì tí àlejò ogun dé tí wọn ò gúnyán, ilé ta nìyẹn? Obìnrin méjì, odó kan, lórí ìtàgé níwájú òǹwòran. Iṣu gidi ni kó wà nínú odó: ẹ sè é sílẹ̀, ẹ kó o sínú kúlà kó má tutù. Odó òfìfo á máa dún kọ̀, kọ̀, ó sì lè là. Iṣu máa ń dún gbì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ àkókò. Ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́, nígbà tí iṣu ṣì ń fọ́, ni ìró rẹ̀ le jù. Tó bá ti ń di iyán tó ń fà, ìró á rọ̀, kò ní wúlò fún yín mọ́. Nítorí náà, sójà ti gbọ́dọ̀ jókòó, kó ti ki ọwọ́ bọ abọ́ omi, kí ọmọ odó tó kọ́kọ́ balẹ̀.

Bó ṣe máa lọ rèé. Àwọn obìnrin ń gún un ní àgúnpadà, wọ́n ń ṣàwàdà. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú ààbọ̀, ẹnì kẹta lẹ́yìn ìtàgé á bẹ̀rẹ̀ sí í lu àpótí pákó òfìfo pẹ̀lú ọmọ odó tí wọ́n fi àkísà wé lórí. Kó kọ́kọ́ bá ìgún wọn mu, jẹ́ẹ́jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ó ti dé. Kó máa ròkè. Àwọn obìnrin á wá dáwọ́ dúró, ọ̀kan ń nu òógùn, èkejì ń bu omi sí i, ṣùgbọ́n ìró náà ò dúró. Ìgbà yẹn ni gbogbo gbọ̀ngàn á mọ̀ pé inú etí ọkùnrin yìí ni. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi, kò mì.

Láti ibẹ̀ lọ, ìró àpótí kò gbọdọ̀ ní ìlù kankan. Ìbọn kì í tẹ̀ lé ìlù. Méjì tẹ̀ léra, ìdákẹ́jẹ́, ẹyọ kan, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má fún onílù ní iṣẹ́ yìí, torí ọwọ́ onílù ò mọ̀ bó ṣe ń ṣe wọ́gọwọ̀gọ; ẹ fún ẹni tí kò mọ ìlù rárá. Kó má ju ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ. Ìyàwó fọwọ́ kàn án léjìká, ìró gé, ó ti mú un lọ́rùn ọwọ́. Ìdákẹ́jẹ́ tó tó ìmí ẹ̀ẹ̀márùn-ún, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìró ìbọn ńlá ni wọ́n fi sọ ogun Kírìjì lórúkọ, etí wa kì í ṣe àjèjì sí ohun tí ẹ ń ṣe.

Káfíńtà_Ọyẹ́:

Ohun tí Onílù sọ dára, àmọ́ lórí sìmẹ́ǹtì, ìró odó á kú. Ẹ kan pèpéle kékeré: ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4, igi oníǹṣì 2 sí 4 ni kẹ́ ẹ gbé dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lábẹ́, kí àárín igi kan sí èkejì má ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ torí odó wúwo, kẹ́ ẹ wá kan pákó oníǹṣì kan lé e lórí. Ẹ má dí iwájú rẹ̀, ibẹ̀ ni ìró á gbà jáde sọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Ẹ rọ àkísà sábẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má máa rìn.

Ògiri ilé, ẹ má kàn án. Ẹnu ọ̀nà nìkan ti tó: pákó oníǹṣì 2 sí 3, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12, mẹ́ta. Ẹsẹ̀ méjì oníwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 7, àtẹ́rígbà oníwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 3, èyí tó kù ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìtìlẹ́yìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ méjèèjì, kẹ́ ẹ gbé àpò iyanrìn lé e. Iyanrìn ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí wọ́n máa pa ilẹ̀kùn dé gbàmù. Ìta, lọ́nà ẹ̀yìn ìtàgé, ni kí ilẹ̀kùn ṣí sí. Bó bá ṣí sínú, á bo òṣèré lójú gbogbo àwọn tó wà lápá kan gbọ̀ngàn. Àtẹ̀gùn tàbí ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ò gbọdọ̀ wà fún sójà láti gbà. Ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan.

Àga sójà, ẹ gbé e sí apá òsì iwájú ní dídagun, kó lè wo ilẹ̀kùn kí àwọn èèyàn sì ṣì máa rí ojú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e kọjú sí ilẹ̀kùn tààrà, ìpàkọ́ ni wọ́n máa wò fún wákàtí kan.

Aránṣọ_Ẹ̀fọ̀n:

Aṣọ: òfin Nàìjíríà kò fàyè gba aráàlú láti wọ aṣọ sójà, àwọn sójà fúnra wọn kì í sì fi ṣeré bí wọ́n bá rí i lọ́rùn ẹni tí kì í ṣe ara wọn. Kí alámì ewé tòde òní má tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín, kì í ṣe ti ìgbà yẹn náà. Ẹ rán káàkí tàbí àwọ̀ ewé ólífì lásán, kò gbọdọ̀ ní báàjì gidi. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ fi yangí pa ìgúnpá àti orúnkún rẹ̀. Kí òṣèré má wọ̀ ọ́ jáde sí títì, ìbáà ṣe láti lọ ra omi. Ẹ kọ lẹ́tà sí àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò ṣáájú, ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sọ́wọ́.

Bí ẹ bá bi mí, aṣọ sójà kò gbọdọ̀ ju ìran kan lọ. Kó bọ́ ọ, kí ìyá gbé bùbá àti ṣòkòtò tó fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ fún un, kó wọ̀ ọ́, kó fún un léjìká, kó sì ṣe gbọ̀jọ̀gbọ̀jọ̀ níkùn. Ẹ rán an bẹ́ẹ̀ ni o, má lọ wá èyí tó bá a mu. Ìbọn ò sí. Sójà tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kì í gbé ìbọn ìjọba wálé, ṣakabùlà bàbá tó wà lára ògiri nìkan ló lè wà, onígi ni kó sì jẹ́. Ẹ má yá ti ọdẹ gidi.

Ọmọ_Oníìrè:

Ọ̀rọ̀ kù nípa òpin rẹ̀. Ilé Yorùbá kì í jẹ́ kí ẹni tó pààyàn lójú ogun wọlé jókòó bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n bọ Ògún, kí ara rẹ̀ balẹ̀. Kí eré parí síbẹ̀.

Akọ̀wé_Eré_Ìkẹ́rẹ́:

Mo takò ó díẹ̀. Bí ẹ bá wẹ̀ ẹ́, tí iná kú, tí ara rẹ̀ yá, ẹ ti parọ́ fún ẹni tí bàbá rẹ̀ wẹ̀ tí kò sì yá. Kí ètùtù wà, ṣùgbọ́n kó wà láàárín, ní nǹkan bí ìran kẹrin. Kó ṣiṣẹ́ díẹ̀: kí ó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà kí ó tún jí.

Ọmọ_Oníìrè:

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lórí ìtàgé. Màrìwò lẹ́nu ọ̀nà, ẹmu tí wọ́n ta sílẹ̀, èsun iṣu, ó tó. Ẹ má gbé ajá wá rárá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nídìí ojúbọ kì í ṣe tiyín láti sọ. Ẹ fi orin rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ bi àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó ṣe é.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó:

Èmi náà fara mọ́ ti àárín. Ẹ tún pe ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì wá sí ọ̀kan nínú rìhásà yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí ó ṣì ku àkókò láti tún un ṣe. Bí ẹ bá gbé e sí ìtòsí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ ogun, ọ̀pọ̀ wọn máa wá. Ẹ sọ fún gbogbo èèyàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ pé ìró líle máa wà nínú ìran kẹta. Kí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kan má wà ní títì, kí iná kékeré wà níbẹ̀, kí ẹnì kan sì jókòó tì í pẹ̀lú omi. Bí ẹnikẹ́ni bá jáde, kí ẹni tó jókòó síbẹ̀ má tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìbéèrè.

Oníná_Ìkọ̀lé:

Iná ò le. Lámpù LED oníwọ́ọ̀tì 50 mẹ́jọ, wọ́ọ̀tì 400 ni gbogbo rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré á gbé e. Ẹ gbé e jìnnà tó mítà 30 sí gbọ̀ngàn, sí ẹ̀yìn ògiri míì bó bá ṣeé ṣe, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdákẹ́jẹ́ tí Onílù ń wí kò ní sí rárá. Wáyà 2.5mm ni kẹ́ ẹ fà. Kí fìtílà alágbára bátìrì méjì wà ní títàn lẹ́yìn ìtàgé látìbẹ̀rẹ̀, kí iná ìjọba má baà já yín kulẹ̀. Oṣù Kìíní dára, kò sí òjò tó máa lu páànù, ṣùgbọ́n ọyẹ́ máa ń gbẹ ọ̀fun: kí òṣèré máa mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe èyí tó tutù.

Ẹgbẹ́_Òṣèré_Adó:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ó ku ẹyọ kan. Èdè wo ni ká fi sọ ọ́? Ọmọdébìnrin wa sì ń bẹ̀rù ìgbà tí wọ́n ń di ìyá rẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ mú.

Akọ̀wé_Eré_Ìkẹ́rẹ́:

Kí ìyá àti àwọn àgbà sọ Èkìtì pọ́nńbélé, “ulé” ni kó jẹ́ lẹ́nu wọn, kì í ṣe “ilé”. Kí ìyàwó àti àbúrò máa sọ Yorùbá gbogbogbòò tó ní Èkìtì díẹ̀ nínú. Sójà ti gbé bárékè pẹ́, Haúsá àti Píjìn á máa yọ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí inú bá bí i, ìyá kò sì ní gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ní ti ọmọ, ẹni tí wọ́n mú gan-an ló ń darí ìmúni yẹn. Ìyàwó ló máa fi ara rẹ̀ lọ sílẹ̀, ọwọ́ sójà kàn wà lórí tiẹ̀ láìfún un. Ẹ fi ṣe é ní díẹ̀díẹ̀ níwájú ọmọ náà lọ́sàn-án, títí tí á fi máa fi í rẹ́rìn-ín, kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun náà di sójà kó mú “ìyá” rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ gbé e kúrò lórí ìtàgé kí ìran yẹn tó dé: kí ìyá àgbà rán an lọ bu omi wá. Yóò wà lẹ́yìn pẹ̀lú àgbàlagbà kan tí kì í ṣe òṣèré, àpótí pákó á sì jìnnà sí etí rẹ̀.